Mo Gbé “Ka” Mì, Mo Ba Ti Kendra Jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo ti ka ìtàn àwọn tó gba ọkọ ọlọ́kọ níbí, mo sì ti yọ ṣùtì ètè sí wọn. Tèmi kò ní ọkọ nínú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí ni, ẹnu lásán ló fi ń jáde. Àmọ́ òun ló gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Rochelle Vandiver lorúkọ mi. Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni mò ń gbé. Ilé ìtọ́jú eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń kí àwọn èèyàn káàbọ̀, tí mò ń sọ fún wọn pé wọn ò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí irọ́ ti mọ́ mi lẹ́nu.

Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ Japan ti kó sí mi lórí. Káàtúùnù wọn ni mò ń wò kí n tó lọ sílé ìwé, géèmù wọn ni mò ń gbá mú tí mo bá dé. Nígbà tí mo dàgbà, mo forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa láti kọ́ èdè wọn. Kò pẹ́ rárá tí mo fi sá. Àwọn lẹ́tà wọn ń rìn lójú mi bí èèrà. Ohun tó kù sí mi lẹ́nu ni ìkíni, èébú, àti ohun tí àwọn jagunjagun inú káàtúùnù máa ń pariwo kí wọ́n tó yọ idà síra wọn.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sá. A ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé ní yàrá ìsàlẹ̀ láíbìrì. A ó wo káàtúùnù, a ó gbá géèmù, a ó rán aṣọ àwọn akọni inú wọn, a ó jẹ písà. Tí ẹnì kan bá béèrè pé, “Kí nìyẹn ń wí?” èmi ni mo máa ń dáhùn, torí mo ti lọ wo èyí tó ní ìtumọ̀ lábẹ́ nílé kí n tó wá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Sensei, bí àwọn ará Japan ṣe ń pe tíṣà. Orúkọ náà dùn mọ́ mi débi pé mo kọ ọ́ sí báàjì àyà mi: Rochelle Sensei.

Kendra Stubblefield ló ń bá mi gbé. Ibi tí wọ́n ti ń wẹ ajá ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá wọlé, irun ajá á kún ara aṣọ rẹ̀, á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi ti àwọn ará Japan, á fọ ọwọ́, á sì mú pẹ́ńsùlù. Mi ò tíì rí ẹni tó ń yàwòrán bẹ́ẹ̀ rí. Tó bá ya ológbò, ẹ ó fẹ́ lé e kúrò nídìí oúnjẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé, kí àwòrán ọwọ́ rẹ̀ wà nínú géèmù kan.

“Shelly,” á ní, bó ṣe máa ń gé Rochelle kúrú, “tí mo bá kú láìṣe é, kí wọ́n má sin mí o.”

“Kí ni kí wọ́n wá fi ẹ́ ṣe?”

“Kí wọ́n gbé mi sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, kí ojú máa tì wọ́n.”

Báyìí la ṣe máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a gbọ́ pé Kuramochi ń bọ̀ ní àpéjọ àwọn olólùfẹ́ káàtúùnù àti géèmù ní Detroit. Bàbá ará Japan yìí ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, òun ló sì ya géèmù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń gbé fìtílà kiri inú igbó, géèmù tó sọ èmi àti Kendra di ọ̀rẹ́. Kendra rán aṣọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà fúnra rẹ̀, tìrù tetí. Desmond, gbọ̀ngbọ̀nràn kan nínú ẹgbẹ́ wa, fi páálí sọ ara rẹ̀ di rọ́bọ́ọ̀tì. Kò lè jókòó nínú mọ́tò. Ṣe la tẹ́ ẹ sẹ́yìn bí àga.

“Ẹ rọra o,” ló ń pariwo. “Ẹ ti ń ká mi lẹ́sẹ̀ kò!”

A tò síbi tí bàbá ti ń fọwọ́ sí ìwé fún àwọn èèyàn. Kendra gbé ìwé àwòrán rẹ̀ máyà.

“Tí mi ò bá wá lè sọ̀rọ̀ ńkọ́?”

“Sensei ṣáà wà pẹ̀lú wa,” ni Desmond wí látinú páálí. “Kí la tún ń bẹ̀rù?”

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà, mo sì ń wo ògbufọ̀ tó jókòó ti bàbá.

Ìgbà tó kàn wá, ògbufọ̀ tí wọ́n fi ti bàbá ti sáré lọ mu omi. Kendra fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Bàbá mú bírò pé kí òun fọwọ́ sí i, ó ṣí i, ó sì dúró. Ó ṣí ojú ewé kejì. Ó padà sí ti àkọ́kọ́. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ti ń kùn.

Ó wá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, mi ò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo ojú wa, ó rí i pé kò yé wa, ó wá rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀:

“Uchi ni, kimasen ka?”

Kendra di apá mi mú. “Shelly, kí ni wọ́n wí? Kí ni wọ́n wí?”

Desmond yí orí páálí rẹ̀ sí mi. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa ti yọ fóònù, wọ́n fẹ́ ká Sensei sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí pẹ̀lú mi. Kí ni ì bá ná mi tí mo bá ní, “Kò yé mi, ẹ jẹ́ ká dúró de ògbufọ̀”? Abéèrè kì í ṣìnà. Ògbufọ̀ náà kàn lọ mu omi ni, kò lọ sókè òkun. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rí báàjì tó wà láyà mi, mo sì rò ó pé tí mo bá ní mi ò gbọ́, wọ́n á yọ orúkọ yẹn lára mi kí a tó padà dé Toledo.

Mo mọ “uchi,” ilé ni. Mo mọ “kimasen,” ẹni tí kò wá ni. Mo tò wọ́n pọ̀ bí àfọ́kù àwo.

“Wọ́n ní...” Mo gbé itọ́ mì. “Wọ́n ní o ò tíì lè wá sọ́dọ̀ àwọn. Iṣẹ́ ẹ ò tíì dé ibẹ̀.”

“Ka” tó kẹ́yìn gbólóhùn náà, mi ò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Mo gbé e mì pẹ̀lú itọ́ yẹn.

Mo rí ojú Kendra. Kò sunkún. Ó tẹríba fún bàbá títí etí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi bọ́ lórí rẹ̀, ó ní, “Gomen nasai.” Èmi ni mo kọ́ ọ. “Ẹ má bínú” ni. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé òun fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Bàbá tún wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pa ìwé náà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún un. “Zannen desu,” ló wí.

“Ìyẹn ńkọ́?” ni Kendra bi mí.

“Wọ́n ní ó dun àwọn.”

Èyí ni mo túmọ̀ bó ṣe rí. Ó dun bàbá lóòótọ́.

Bí a ṣe ń kúrò níbẹ̀, mo rí ògbufọ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Mo fa Kendra lọ́wọ́, mo ní, “Jẹ́ ká tètè lọ, a ń dí àwọn tó kù lọ́wọ́.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá mi láre pé àìmọ̀ ni, ẹ rántí ìgò omi yẹn.

Nígbà tí a délé, Kendra kó gbogbo pẹ́ńsùlù rẹ̀ sínú páálí bàtà, ó gbé e sórí fíríìjì. Kò gbé e sọ̀kalẹ̀ mọ́. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á fọ ọwọ́, á sì jókòó máa wo ọwọ́ náà.

“Gbogbo ẹni tó di èèyàn ni wọ́n ti kọ̀ rí,” ni mo fi ń tù ú nínú.

“Gbogbo wọn kọ́ ni Kuramochi kọ̀,” ni ó máa ń fèsì.

Ìgbà òtútù dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, yìnyín bo gbogbo ìta, mo jókòó ti géèmù tuntun kan. Arìnrìn-àjò inú rẹ̀ wọ ilé ìyá arúgbó kan, ìyá sì wí fún un pé, “Ocha o nomimasen ka?” Mo mọ “nomimasen,” ẹni tí kò mu ni. Mo ní, áà, ìyá yìí mà láhun o, ó ní àlejò òun kò ní mu tíì! Ni mo bá ka ìtumọ̀ tó wà nísàlẹ̀: “Ṣé ẹ ò ní mu tíì ni?”

Mo dá géèmù dúró.

Ọmọdé tó ń rákò gan-an mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. “Ṣé ẹ ò ní jókòó ni? Ṣé ẹ ò ní jẹun ni?” Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tó máa ní wọ́n lé òun? “Ka” ló sọ ọ́ di ìbéèrè. Mo yọ fóònù, mo wá “uchi.” Ilé ni lóòótọ́. Àmọ́ bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, “uchi” náà ló ń pè é, ọ̀dọ̀ wa.

“Ṣé ẹ ò ní wá sọ́dọ̀ wa?” Ohun tí bàbá wí nìyẹn. Ó ń pè é síṣẹ́. Kendra sì tẹríba mọ́lẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú,” bí ẹni tó kọ̀ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ kì í béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Kendra wà ní kíṣìnì, ó ń dín ẹyin.

“Kí ló dé tó o dá géèmù dúró?” ló béèrè.

“Ọ̀nà ló sọnù mọ́ mi lójú.”

“Yà sósì lẹ́yìn afárá,” ló wí. “Èmi náà sọnù níbẹ̀.”

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Nígbà yẹn, bàbá ṣì ń wá ayàwòrán, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Kí Kendra kàn ránṣẹ́ sí i ló kù. Mo sì pa ẹnu mi dé, mo yà sósì lẹ́yìn afárá.

Ẹ má rò pé ìtìjú nìkan ni. Ìlara wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn Japan, èmi ni Sensei, òun tó ń wẹ ajá ni wọ́n wá ń pè. Tó bá sì lọ, ta ló máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà mi? Mo ní kí n dúró dìgbà tí ojú ọjọ́ bá dáa. Mo tún ní kí n dúró dìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. “Shelly, kọ́ mi ní èdè yẹn dáadáa. Ó yẹ kí èmi náà máa gbọ́ nǹkan tí wọ́n bá sọ sí mi.”

“Èdè yẹn? Á kàn dá ẹ lágara ni. Ìwọ àti lẹ́tà tó ju ẹgbẹ̀rún lọ?”

Ó wò mí díẹ̀. “Ó dáa,” ló wí, ó sì gba aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ mi, ó bá mi nu abọ́.

Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tí Desmond gbé fóònù wá. Àwọn Kuramochi ti gbé géèmù tuntun jáde fún wíwò, ọmọbìnrin kan láti Portugal ló yà á. Kendra wo àwọn àwòrán náà lọ, wò wọ́n bọ̀.

“Ó dáa,” ló wí. “Ó dáa ju tèmi lọ, àbí?”

Kò dáa tó tirẹ̀. Afọ́jú á mọ̀.

“Ó dáa jù ú lọ,” ni mo dá a lóhùn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ìgbà òtútù ti ń lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun pọ̀ ní yàrá láíbìrì. Mo dúró níwájú, mò ń kọ́ wọn ní ìkíni. Kendra nawọ́ sókè látẹ̀yìn. Kì í nawọ́ tẹ́lẹ̀.

“Sensei, mo ní ìbéèrè.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. “Béèrè, ọmọ mi.”

“Uchi ni kimasen ka,” ló wí. Ó sọ ọ́ geerege, ohùn rẹ̀ dà bíi ti bàbá yẹn gan-an. “Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti bọ́ sínú pàkúté. Tí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bíi ti Detroit, irọ́ ni. Tí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, mo ti jẹ́wọ́.

“Shelly, à ń dúró,” ni Kendra wí.

“Ṣé...” Mo wo báàjì àyà mi. “Ṣé ẹ ò ní wá sọ́dọ̀ wa.”

Desmond fi písà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ dúró ná. Ṣebí ohun tí bàbá yẹn sọ ní Detroit nìyẹn? O ní wọ́n ní iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì dé ibẹ̀!”

Kendra kò wo Desmond. “Màmá ará Japan kan wà tó máa ń gbé ajá wá sọ́dọ̀ wa, Màmá Ishibashi. Mo ní kí wọ́n máa kọ́ mi díẹ̀díẹ̀ tí mo bá ń wẹ ajá wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan tẹ́lẹ̀. Mo ní gbólóhùn kan wà tí mo há sórí, torí òun ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n fò sókè, wọ́n ní, ‘Ta ló pè ẹ́ síṣẹ́, ọmọ mi?’ Ọṣẹ ṣì wà lára ajá, Shelly. Mo kàn jókòó sílẹ̀ ni.”

“Kendra, mi ò gbọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti dárí ìyẹn jì ẹ́ kí n tó wọ inú yàrá yìí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ìgbà wo lo wá mọ̀ ọ́n?”

 Mo lè ní òní ni. Mo lè ní ẹnu rẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Irọ́ náà ti wà létè mi.

“Ọjọ́ tó o dín ẹyin,” ni mo wí. “Ọjọ́ tó o ní kí n yà sósì.”

Ó mi orí, bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. “Nígbà yẹn, wọn ò tíì rí ọmọ Portugal yẹn.”

“Wọn ò tíì rí i.”

“O sì wò mí lójú, o ní tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ.”

 Ẹkún ló ń jáde lẹ́nu mi.

“Sensei o!” ni Desmond wí. “Èmi tí mo fi ẹnu ara mi sọ pé kí la tún ń bẹ̀rù!”

Kendra gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. “Màmá Ishibashi ní èèyàn kì í pe ara ẹ̀ ní Sensei. Ẹlòmíì ló ń pèèyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà téèyàn fọ́ àwo ọbẹ̀ tán, tó wá dúró tì í tó ń yin ara ẹ̀.” Ó tún àga rẹ̀ tì sábẹ́ tábìlì kó tó jáde.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi kó jáde. Ó gbé páálí bàtà kúrò lórí fíríìjì, òun ló kọ́kọ́ gbé. Màmá Ishibashi bá a ránṣẹ́ sí bàbá Kuramochi, bàbá sì dáhùn tìfẹ́tìfẹ́ pé ààyè náà ti kún, òun sì bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sinmi. Desmond ló sọ fún mi. Kendra kò bá mi sọ ọ́.

Mo ti yọ báàjì yẹn kúrò láyà mi. Mo ti padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo jókòó síwájú pátá. Tí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀, mo máa ń ní, “Kò yé mi.” Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó láti sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, ẹ tètè máa sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó san owó rẹ̀ fún yín.

Àpéjọ Detroit tún dé lọ́dún yìí. Mo dá lọ. Kendra ní tábìlì tirẹ̀ níbẹ̀, ó ń ya àwòrán àwọn èèyàn lójú ẹsẹ̀, èrò sì tò síwájú rẹ̀. Mo tò pẹ̀lú wọn. Láti ilé ni mo ti ń fi gbólóhùn náà kọ́ra, mo sọ ọ́ fún dígí, mo sọ ọ́ nínú mọ́tò. Ibi tó ti máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mi ṣì ṣófo. Mi ò gbé nǹkan kan sí i.

Ìgbà tó kàn mí, ó gbójú sókè. Irun rẹ̀ ti gùn. Inki wà ní ìka rẹ̀.

“Uchi ni,” ni mo wí, mo sì rọra sọ èyí tó kù, mi ò gbé ọ̀kankan mì níbẹ̀, “kimasen ka?”

Ó wò mí títí. Ojú rẹ̀ rọ̀, mo rí i, mo sì rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó tẹríba fún mi bí a ṣe ń tẹríba fún àlejò.

“Gomen nasai,” ló wí.

“Zannen desu,” ni mo dá a lóhùn.

Mo kúrò lórí ìlà kí ẹni tó wà lẹ́yìn mi lè bọ́ síwájú. Mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kejì.